Àdúgbò Tí Ọmọ Ti Pòórá Nínú Ìwé

Ọmọ mẹ́tàléláàádọ́jọ ló pòórá ní àdúgbò kan ṣoṣo, kò sí ìyá tó sunkún, kò sí bàbá tó sáré wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló gbé ẹ̀rí rẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó gbé ìwé ìpè-orúkọ ka orí tábìlì, ó gbé èsì ìkànìyàn tuntun tí ìjọba ìbílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jáde sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wá sún sẹ́yìn bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ẹ wò ó fúnra yín, mà. Igba ọmọ àti mẹ́rìnlá ló ń ti òpópónà mẹ́ta yẹn wá sílé-ìwé mi lójoojúmọ́. Mo mọ imú wọn. Mo mọ èyí tí kì í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìwé yìí ní ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta péré ló ń gbé níbẹ̀. Àwọn tó kù ńkọ́? Ṣé iwin ni mò ń kọ́ ní ìṣirò ni?"

Obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ ni gbogbo àgọ́ ń pè ní Atọpinpin. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó kúrú, ó sì ní àìsàn kan tí oògùn ò rí ṣe: ìdí rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti wọ̀ ọ́ lára, á máa rìn yí tábìlì po, á ṣí fèrèsé, á tún tì í, títí àwọn tó wà nínú yàrá yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn nítorí tirẹ̀. Ó ti yí tábìlì náà po ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ọ̀gá ilé-ìwé tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ wọlé. Àwọn èèyàn ń pè é ní Ọ̀gá Kékeré, torí pé ó fi ọdún méjìlá kéré sí obìnrin tó ń pàṣẹ fún. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀.

"Màmá, ẹjọ́ yìí ò le rárá," ó ní. "Olùkànìyàn tí wọ́n rán lọ síbẹ̀ kò lọ. Ó jókòó sílé ẹ̀, ó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ iye tó wù ú, ó gba owó iṣẹ́. Láti ọjọ́ Ẹtì tí lẹ́tà ọ̀gá ilé-ìwé yìí ti kọ́kọ́ dé ló ti wà ní àtìmọ́lé. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, a ó gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta."

"Ta ló sọ pé kò lọ?"

"Àwọn ọmọ tí kò kà ló sọ bẹ́ẹ̀."

Atọpinpin ṣí fèrèsé. Nínú èsì tuntun yẹn, àdúgbò náà ti yí padà bí ẹni pàrọ̀ aṣọ. Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ó lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀sán èèyàn tó ń gbébẹ̀, ọmọdé kún inú wọn fọ́fọ́, owó tó sì ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan. Ní báyìí, èèyàn kò pé ẹgbẹ̀rún mọ́, owó oṣù wọn ti di ìlọ́po méjì ààbọ̀. Bí èèyàn bá ka ìwé náà láìdé ibẹ̀, á rò pé àwọn olówó tí kì í bímọ ló kó lọ síbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ sì ti gbà á gbọ́ débi pé wọ́n ti ń sọ pé ká ti ilé-ìwé náà pa.

"Mi ò wá kí wọ́n lè ti ẹnikẹ́ni mọ́lé o," ọ̀gá ilé-ìwé ní. "Mo kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ọmọ mi wà láyé."

Atọpinpin ti fèrèsé pa, ó gba ọ̀nà àtìmọ́lé lọ.

*

Olùkànìyàn náà tó ẹni ọdún márùndínlógójì. Ó tín-ín-rín, ó jókòó ṣánṣán lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí Atọpinpin wọlé, ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí i, ó tún jókòó.

"Ṣé o dé inú ilé wọn?"

"Mo dé ibẹ̀, mà. Mi ò fo yàrá kankan."

Atọpinpin gbé ìdìpọ̀ ìwé jáde. "Bírò kan ṣoṣo lo fi kọ gbogbo èyí. Kò sí àbàwọ́n, kò sí ibi tí o ti fagi lé nǹkan. Ta ló ń kọ̀wé lórí àtẹ̀gùn tí ìwé rẹ̀ ń mọ́ báyìí?"

"Mo tún un kọ nílé ni. Ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ dọ̀tí, mi ò lè fi irú ẹ̀ lé ọ̀gá lọ́wọ́."

"Ìwé àkọ́kọ́ dà?"

"Mo ti ya á. Wọ́n kọ́ wa pé a ò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn sílẹ̀ káàkiri."

Atọpinpin mí kanlẹ̀. Àṣejù ìmọ́tótó ni obìnrin yìí fi gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Ìwé tó dọ̀tí yẹn ni ì bá gbà á sílẹ̀.

"Àwọn ará ibẹ̀ purọ́ fún ọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Obìnrin náà wo ilẹ̀. "Ohun tí wọ́n sọ ni mo kọ, mà."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ohun tí o kọ. Mo ní, ṣé wọ́n purọ́ fún ọ?"

Atọpinpin rìn dé ògiri, ó padà, ó tún rìn dé ògiri.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣé wọ́n ti sọ fún ọ pé ọdún mẹ́ta ni?"

"Wọ́n ti sọ, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe àbúrò mi, kó lọ mú àwọn ọmọ mi níléèwé. Aago méjì ni wọ́n ń jáde."

Ohun tó ń kọ Atọpinpin lóminú nìyẹn bó ṣe ń padà sókè. Ó ti gbọ́ irọ́ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Òpùrọ́ a máa ní àlàyé ju ìbéèrè lọ. Á máa sọ fún ọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, á máa sọ aṣọ tí òun wọ̀. Obìnrin yìí ní ẹnu tó lè fi gba ara rẹ̀, ó kọ̀, kò là á. Atọpinpin pe àbúrò náà, ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde.

*

Àdúgbò ọ̀hún kò ju òpópónà mẹ́ta lọ, ilé alájà mẹ́ta mẹ́ta tó fara ti ara wọn, gbogbo wọn ní àwọ̀ òféfèé kan náà. Aránbàtà kan jókòó sí ẹnu òpópónà àkọ́kọ́, bàtà kún iwájú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Wọ́n ní àwọn èèyàn ibí ti dolówó o."

Aránbàtà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Olówó wo? Ẹ wo bàtà yìí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ti rán an. Ẹ̀gbọ́n wọ̀ ọ́, àbúrò wọ̀ ọ́, àbúrò àbúrò ló ń jogún ẹ̀ báyìí. Bí olówó bá ń ṣe báyìí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n lówó."

Atọpinpin gbé bàtà náà. Kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ka bàtà tó wà nílẹ̀: mẹ́rìndínlógún ni ti àgbàlagbà, ti ọmọdé lé ní ogójì.

"Ta ló ni èyí?"

"Obìnrin aránṣọ, ilé kejì, àjà kejì. Ẹ bá mi sọ fún un pé ó ti ṣe é gbà."

Àga kan àti tábìlì kékeré wà lẹ́nu géètì ilé kejì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀. Atọpinpin gun àtẹ̀gùn. Nínú ìwé Olùkànìyàn, yàrá kejìlélógún jẹ́ ti nọ́ọ̀sì eléyín kan tó ń bá dókítà tọ́jú eyín, ọkọ rẹ̀, àti ọmọ kan. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn wà pẹ̀lú òṣùwọ̀n aránṣọ lọ́rùn, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló fi há aṣọ àyà rẹ̀.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ̀ ń gbé níbí, aya wa?" Atọpinpin bi í lẹ́yìn tó ti fi ìwé ọlọ́pàá rẹ̀ hàn án.

"Àwa mẹ́ta, mà."

Yàrá náà mọ́ tónítóní. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lójú fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì gíga kan kún ìdajì yàrá, kọ́tìnnì nípọn pín igun kan sọ́tọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín méje dúró sínú ife kan lórí pèpéle.

"Ta ló ni gbogbo eyín yìí?"

"Àwọn oníbàárà mi ni, mà."

"Wọ́n máa ń wá wọn aṣọ, wọ́n á tún fọ ẹnu kí wọ́n tó lọ?"

Láti ìsàlẹ̀ ni ariwo kọ́kọ́rọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀, ìdì kọ́kọ́rọ́ ńlá tó ń dún bí ẹni ń mì agolo. Aránṣọ fa aṣọ kan láti orí ẹ̀rọ, ó jù ú bo ife náà. Ó yára bí ẹni tó ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Kọ́kọ́rọ́ náà kọjá lọ sí àjà kẹta.

"Obìnrin ìkànìyàn wá," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó wá, mà. Orí àga tí ẹ dì mú yẹn ló jókòó sí. Ẹ má bi mí ní nǹkan mìíràn, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé wàá wá sọ bẹ́ẹ̀ ní àgọ́ wa?"

Omi lé sí obìnrin náà lójú. "Rárá, mà. Ẹ dárí jì mí. Mi ò lè wá."

*

Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ni ajẹ́ńtì ilé. Atọpinpin bá a nídìí tábìlì rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ nígbà tó ń jáde. Ó tó ẹni ogójì ọdún, ó gé irùngbọ̀n rẹ̀ dáadáa, ó sì ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìwé fún aláìsàn.

"Màdáàmù, ẹni tó bá máa gòkè, iwájú mi ló máa gbà. Obìnrin kankan ò wá ka èèyàn níbí. Mi ò rí i rí láyé mi."

"Ó dá yín lójú?"

"Ẹ lè fi mí búra."

Nígbà tí Ọ̀gá Kékeré gbọ́, ó fọwọ́ lu tábìlì. "Ẹ ò rí i, Màmá? Ọ̀rọ̀ ti parí. Ajẹ́ńtì ò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan, kò ní ìdí láti parọ́ mọ́ ọn."

"Aránṣọ náà ò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan."

"Ṣé yóò wá jẹ́rìí?"

"Kò ní wá."

"Ó ti tán nìyẹn."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Atọpinpin kan ilẹ̀kùn mọ́kàndínlógún. Níbi gbogbo, wọ́n kí i dáadáa, wọ́n fún un lómi mu, wọ́n sì wo ilẹ̀. Bíríkìlà kan, tí sìmẹ́ńtì ṣì wà léèékánná rẹ̀, ni ìwé pè ní ayàwòrán-ilé. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ti di ọ̀gá iléeṣẹ́ ààbò. Ẹni tó ń fọ mọ́tò ti di òṣìṣẹ́ báǹkì. Atọpinpin kọ́kọ́ rò pé Olùkànìyàn ló ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ó kúrò níbẹ̀, ó rò pé bóyá àwọn àgbà ìjọba ìbílẹ̀ ló yí ìwé padà kí wọ́n lè rí àyè ti ilé-ìwé pa. Ó lọ wo ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí ibi tí ó ti yàtọ̀ sí ti Olùkànìyàn. Ibẹ̀ náà já sófo.

Ó padà sí ọ́fíìsì, inú ń bí i, ẹsẹ̀ ń ro ó. Ó tẹ́ gbogbo ìwé náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé. Yàrá òjìdínnírinwó. Ó ń rìn láàárín wọn, ó ń tò wọ́n: ẹni kan ṣoṣo síbí, ẹni méjì síbí, ẹni mẹ́ta sọ́hùn-ún. Ó na ọwọ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ ti ẹni mẹ́rin. Kò sí ìwé kankan tó kù.

Ó dúró. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i kó dúró bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀gá," ó pè. "Ẹ wá wo nǹkan."

Ọ̀gá Kékeré yọjú.

"Nínú òjìdínnírinwó yàrá, kò sí ibì kan tí èèyàn mẹ́rin ń gbé. Ẹyọ kan ò sí. Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, mẹ́rin wà, mẹ́fà wà, yàrá kan tilẹ̀ ní èèyàn mẹ́sàn-án. Ṣé bí èèyàn ṣe ń bímọ nìyẹn? Ẹni tó jókòó sílé tó ń dá iye sílẹ̀, á kọ méjì, á kọ márùn-ún, á kọ mẹ́rin kí ó lè dà bí òótọ́. Èyí dà bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e."

"Bóyá mẹ́ta ló fẹ́ràn."

"Ẹ wo owó oṣù wọn. Ó ga lára àwọn kan ju àwọn kan lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí tiẹ̀ kéré ju iye kan báyìí lọ. Bí ẹni fi okùn ta á ni. Talákà kan ṣoṣo ò bọ́ sábẹ́ okùn náà. Irọ́ ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n irọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni, gbogbo wọn sì ń sá fún nǹkan kan náà."

Ó ti mú báàgì rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ibi tábìlì ajẹ́ńtì. Ajẹ́ńtì ti lọ sí ilé kẹta, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lókè àga rẹ̀ kò lọ sí ibì kankan. Atọpinpin ti kọjá lára rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láìkà á, torí pé ta ló máa ń ka ìkìlọ̀ onílé? *Yàrá kan, èèyàn mẹ́ta. Ẹni tí yóò háyà, owó oṣù rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta owó ilé. Ẹni tó bá rú òfin yìí, yóò kó jáde láàárín ọjọ́ méje.* Ọdún tí iléeṣẹ́ kan ra gbogbo ilé náà lọ́wọ́ àwọn onílé àtijọ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni.

Ohun gbogbo tò fún un. Àwọn èèyàn náà ò di olówó, wọn ò sì dín kù. Wọ́n kàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń kéré nínú ìwé ni, kí wọ́n lè rí ibi sùn. Ẹ̀rù sì bà á. Bí ó bá gbé òtítọ́ yìí lọ sílé ẹjọ́, Olùkànìyàn yóò lọ sílé rẹ̀, àwọn tó lé ní igba ọmọ yóò sì kó síta láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Kò jókòó rárá títí ilẹ̀ fi ṣú.

*

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́rú, Atọpinpin wà ní ọ́fíìsì ajẹ́ńtì pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ì bá ti sá.

"Mo wá tọrọ ìrànlọ́wọ́ yín. A fẹ́ fi hàn ní ilé ẹjọ́ pé obìnrin yẹn kò dé ibí. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè ràn wá lọ́wọ́."

"Tayọ̀tayọ̀, Màdáàmù."

"Ṣé ẹ ní fáìlì tí àwọn ayálégbé fi kọ̀wé gba yàrá?"

Ajẹ́ńtì dìde, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kékeré kan láti ọrùn rẹ̀, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù irin. "Ẹ wò ó. Èèyàn gidi ló wà nínú ilé mi. Ayàwòrán-ilé, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ báǹkì. A kì í gba ẹni tí kò ní láárí."

"Ta ló tún ní irú kọ́kọ́rọ́ yẹn?"

"Kò sí. Bí mo bá ń wẹ̀, ọrùn mi ló máa ń wà."

"Ẹnikẹ́ni ò tíì ka fáìlì yìí?"

"Láéláé."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò rí obìnrin náà rí, ẹ kọ ọ́ pé ojú kankan ò kan fáìlì yìí. Ẹ fọwọ́ sí i."

Ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i, ó tilẹ̀ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Atọpinpin gba ìwé náà, ó ká a, ó fi í sínú báàgì. Ìgbà yẹn ló tó fa àga, ó jókòó.

"Yàrá kẹrìnlá. Kí ni fáìlì rẹ wí?"

"Ayàwòrán-ilé. Èèyàn méjì."

"Ìwé Olùkànìyàn nìyí: ayàwòrán-ilé, èèyàn méjì. Yàrá kejìlélógún?"

"Nọ́ọ̀sì eléyín." Ohùn rẹ̀ ti ń fà.

"Nọ́ọ̀sì eléyín. Owó oṣù kan náà, kò lé, kò dín. Yàrá kọkànlélọ́gbọ̀n? Má ṣèyọnu, jẹ́ kí n kà á fún ọ: ọ̀gá iléeṣẹ́ ààbò. Ká máa bá a lọ?"

Wọ́n wo ogójì. Ogójì ló bára mu.

"Ṣàlàyé fún mi," Atọpinpin ní. "Obìnrin tí kò dé ibí rí, báwo ló ṣe mọ ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bá ọ wẹ̀? Èèyàn lè jókòó sílé kó dá irọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Kò lè dá irọ́ ẹlòmíràn sílẹ̀ lódidi ogójì kó má ṣi ọ̀kan. Ọ̀nà méjì péré ló wà. Bóyá ìwọ lo fún un ní fáìlì, o sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé pé o ò fún un. Tàbí kẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn, ó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, o sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé pé o ò rí i. Èwo ni kí n gbé lọ?"

Ajẹ́ńtì jókòó sórí fáìlì láìmọ̀. Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ti ségi.

"Mo kàn tẹ̀lé e ni," ó ní lẹ́yìn-ọ-rẹyìn. "Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n má baà sọ ohun tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n sọ fún wa."

"O sì mọ̀ pé òfin ìkànìyàn ò gbà kí ẹni tí ilé wà níkàáwọ́ rẹ̀ dúró tì wọ́n. Ìdí nìyẹn tí o fi ní o ò rí i. Obìnrin olọ́mọ ń lọ sẹ́wọ̀n, ìwọ ń gé irùngbọ̀n."

"Màdáàmù, ẹ ṣàánú mi."

"Màá ṣàánú rẹ. Kọ òmíràn. Kọ ọ́ pé ó wá, pé o tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, obìnrin náà á wá tún gbogbo wọn kà, ìwọ ò sì ní kúrò lórí àga ìsàlẹ̀. Òfin kan náà ló sì sọ pé ohun tí èèyàn bá sọ fún olùkànìyàn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ lé e jáde. Bí ẹrù ẹnì kan ṣoṣo bá dé ìta, ìwé àkọ́kọ́ tí o fọwọ́ sí yìí á dé iwájú adájọ́."

Ó kọ ọ́. Nígbà tó parí, ó gbójú sókè. "Bí wọ́n bá pọ̀ ju mẹ́ta lọ ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ sọ fún iléeṣẹ́?"

"Ta ló ní wọ́n pọ̀? Ọdún mẹ́rin lo ti ń gun àtẹ̀gùn yẹn lójoojúmọ́. Ṣé o gbọ́ ohùn ọmọ kẹrin rí?"

Ajẹ́ńtì wo bàtà rẹ̀. Atọpinpin rí i pé ó ti gbọ́, pé ó ti ń gbọ́ láti ọjọ́ kìíní, pé ìyẹn gan-an ló fi ń dì wọ́n mú.

"Mi ò gbọ́," ó ní.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Má gbọ́ lọ."

*

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni Ọ̀gá Kékeré fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí, ó ní, "Màmá, ẹ ò dáa," ó sì jáde kí ó má baà rẹ́rìn-ín.

Olùkànìyàn dúró nídìí káńtà, ó ń to ẹrù rẹ̀ padà sínú báàgì. Atọpinpin ò jẹ́ kó lọ.

"Bí o bá sọ ní ọjọ́ Ẹtì pé wọ́n purọ́ fún ọ, ìwádìí ì bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ló dé?"

"Yàrá kan wà, mà. Mo ń bi ìyá léèrè iye ọmọ, ọmọ kan wúkọ́ lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ajẹ́ńtì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin kó má baà gbọ́. Ikọ́ náà ò dáwọ́ dúró. Mo bá a gbe orin náà." Ó fa síìpù báàgì rẹ̀. "Mi ò tiẹ̀ mọ orin ọ̀hún. Bí mo bá ní wọ́n purọ́, ẹ̀yin á lọ wò ó, ajẹ́ńtì náà á tẹ̀lé yín lọ wò ó."

"Ọdún mẹ́ta. Àwọn ọmọ tìrẹ ńkọ́?"

"Àbúrò mi á gbà wọ́n. Àwọn tọ̀hún ò níbi tí wọ́n máa lọ."

Ojú ti Atọpinpin. Lọ́jọ́ Ajé, ó ti pe dídákẹ́ obìnrin yìí ní ìwà òmùgọ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ó bá a gbé báàgì náà dé ẹnu ọ̀nà.

*

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Olùkànìyàn nìkan ló gòkè. Atọpinpin fẹ́ tẹ̀lé e, ó sì rántí pé ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ajẹ́ńtì. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn lábẹ́ àjà kejì, níbi tó ti lè máa wo àga ìsàlẹ̀. Ara rẹ̀ ò lélẹ̀. Ó dìde, ó tún jókòó.

Ó gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn yàrá kejìlélógún. Ẹsẹ̀ kéékèèké sáré nínú yàrá, nǹkan kan wó, gbogbo rẹ̀ sì pa lọ́lọ́.

"Èmi ni," Olùkànìyàn ní. "Èmi nìkan ni."

Ilẹ̀kùn ṣí, wọn ò sì tì í padà. Ohùn Olùkànìyàn tún dún pé, "Ẹ̀yin mélòó lẹ̀ ń gbé níbí, mà?"

Aránṣọ dá a lóhùn.

"Àwa méje."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ jáde. Àkọ́kọ́ jáde, ó sọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀. Èkejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Ó ku ẹnì kan.

"Jáde, ọmọ mi."

"Wọ́n ti lọ?" Ohùn kékeré kan ló wí bẹ́ẹ̀, láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Wọn ò tíì lọ. Ìwọ ni wọ́n wá rí."

"Mi ò ṣe nǹkan kan."

"O ò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi. Wọ́n fẹ́ kà ẹ́ ni."

Atọpinpin gbọ́ tí Olùkànìyàn kúnlẹ̀ lórí pákó, tó sì ń sọ̀rọ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó bèèrè orúkọ. Ọmọ náà sọ ọ́ jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi dé àtẹ̀gùn. Ó bèèrè ọjọ́ orí.

"Mẹ́ta."

Bírò ń kọ. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà bèèrè tirẹ̀.

"Ṣé mo lè pariwo báyìí?"

Ìyá rẹ̀ fẹ́ fèsì, ẹkún ò jẹ́. Olùkànìyàn ló dá a lóhùn.

"Pariwo."

Ọmọ náà kọ́kọ́ ṣe é jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Ó tún un ṣe, ó sì ròkè díẹ̀. Ọmọ kan láti yàrá kẹtàlélógún dá a lóhùn.